Àwọ̀ ìpìlẹ̀ mẹ́ta, ṣùgbọ́n èwo ni? Àlàyé lórí òbìrìkìtì àwọ̀ àti bí àwọ̀ ṣe ń bára mu

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ nípa àwọ̀ kì í pẹ́ bọ́ sínú àríyànjiyàn kan. Olùkọ́ àwòrán yíyà á ní àwọ̀ ìpìlẹ̀ mẹ́ta ni pupa, yẹ́lò àti búlúù. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà á ní rárá o, pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù ni. Ẹni tó ń tẹ̀wé á tún ní kò sí pupa níbẹ̀ rárá, pé sáyàn, màjẹ́ńtà àti yẹ́lò lòun ń dà sínú ẹ̀rọ òun. Akẹ́kọ̀ọ́ á wá dúró sáàárín, kò ní mọ ẹni tí ì bá gbà gbọ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún un ni pé kò sí ẹni tó parọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí kálukú wọn ń pò pọ̀ ló yàtọ̀.

Ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀, torí bí èyí ò bá kọ́kọ́ yéni, gbogbo òfin ìbáramu àwọ̀ tó tẹ̀ lé e á kàn di àkọ́sórí. Bí mo bá pe pupa nínú àlàyé yìí, pupa fòò ni mo ní lọ́kàn. Èyí tó rúsúrúsú, yẹ́lò ni màá máa pè é. Elése àlùkò ni èyí tó wà láàárín pupa àti búlúù. Sáyàn ni búlúù tó ti ń fà sí àwọ̀ ewé, màjẹ́ńtà sì ni pupa tó ti ń fà sí elése àlùkò.

Ibi tí àwọ̀ ti ń wá

Ní nǹkan bí ọdún 1666, Isaac Newton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ kí ìtànṣán oòrùn tín-ín-rín kan gba ihò wọ inú yàrá tó ṣókùnkùn, ó sì gbé gíláàsì onígun mẹ́ta sójú ọ̀nà rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ funfun náà pín sára ògiri, ó di àwọ̀ òṣùmàrè. Òun kọ́ lẹni àkọ́kọ́ tó rí irú rẹ̀. Àwọn èèyàn ti mọ̀ pé gíláàsì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ èrò wọn ni pé gíláàsì ló ń da àwọ̀ sí ìmọ́lẹ̀ lára. Newton wá fi gíláàsì mìíràn kó àwọn àwọ̀ náà jọ padà, wọ́n sì di funfun bíi ti tẹ́lẹ̀. Inú ìmọ́lẹ̀ gan-an ni àwọ̀ wà kó tó kan gíláàsì rárá.

Ìmọ́lẹ̀ jẹ́ ìgbì. Gígùn ìgbì tí ojú èèyàn lè rí bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi nánómítà 380 (nánómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà kan), níbi tí a ti ń rí elése àlùkò, ó sì dé nǹkan bíi 700, níbi tí a ti ń rí pupa. Ṣùgbọ́n ojú wa ò ní ohun èlò tó lè wọn gígùn ìgbì kọ̀ọ̀kan. Oríṣi sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta péré ló wà lẹ́yìn ẹyinjú tó ń ṣiṣẹ́ àwọ̀: ọ̀kan máa ń jí sí ìgbì tó gùn, ọ̀kan sí èyí tó wà láàárín, ọ̀kan sí èyí tó kúrú. Ọpọlọ á gba ìròyìn lọ́wọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, á fi wọ́n wéra, á sì pinnu pé báyìí ni àwọ̀ náà rí.

Torí náà, ó ṣeé ṣe láti tan ojú jẹ, bí fóònù yín sì ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn. Ẹ ta ẹ̀kán omi kékeré kan sójú fóònù, níbi tí àwòrán ti yẹ́lò. Omi náà á mú kí àwọn iná tíntìntín tó wà lábẹ́ rẹ̀ tóbi lójú yín. Ẹ ò ní rí yẹ́lò kankan níbẹ̀. Pupa àti àwọ̀ ewé lẹ máa rí, tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Sẹ́ẹ̀lì ìgbì gígùn jí, sẹ́ẹ̀lì ìgbì àárín náà jí, ọpọlọ sì ní yẹ́lò nìyẹn, torí pé ìròyìn kan náà ni ìmọ́lẹ̀ yẹ́lò gidi ì bá mú wá.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà níbí tí mo fẹ́ràn gan-an. Òṣùmàrè ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òpin: pupa wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, elése àlùkò wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, wọn ò fojú kanra. Kí ló dé tí a wá ń yà á ní òbìrìkìtì? Newton ló tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1704, ó sì fi orúkọ àwọ̀ méje yí i ká. Ohun tó so orí méjèèjì pọ̀ ni màjẹ́ńtà àti àwọn ìbátan rẹ̀, bẹ́ẹ̀ màjẹ́ńtà ò sí nínú òṣùmàrè. Kò sí ìgbì ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo tó jẹ́ tirẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì ìgbì gígùn àti ti ìgbì kúkúrú bá jí lẹ́ẹ̀kan náà, tí ti àárín sì ń sùn, ọpọlọ á wá àwọ̀ kan fi dí àlàfo náà. Òun là ń pè ní màjẹ́ńtà. Ẹ rántí èyí nígbàkígbà tí ẹnìkan bá sọ fún yín pé òfin àdáyébá ni òbìrìkìtì àwọ̀. Bí orí èèyàn ṣe ń ṣètò ohun tí ojú rí ló fi hàn, ó sì wúlò bẹ́ẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ ń ròpọ̀, ọ̀dà ń gbé mì

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká dá àwọn mẹ́ta tó ń jiyàn lẹ́ẹ̀kan lóhùn.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ìmọ́lẹ̀ ló ń pò. Bó bá ṣe ń fi kún un ló ń mọ́lẹ̀ sí i. Pupa pẹ̀lú àwọ̀ ewé di yẹ́lò, àwọ̀ ewé pẹ̀lú búlúù di sáyàn, búlúù pẹ̀lú pupa di màjẹ́ńtà. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá tàn dọ́gba, wọ́n di funfun. Ọgbọ́n yìí ni James Clerk Maxwell, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, lò ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1861, nígbà tó mú fọ́tò rìbọ́ọ̀nù kan náà tí wọ́n yà lẹ́ẹ̀mẹta gba inú asẹ́ pupa, asẹ́ àwọ̀ ewé àti asẹ́ búlúù, tó sì tan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sójú kan. Àwòrán aláwọ̀ ló jáde. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù òde òní, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta yìí ní ìpele 256. Ẹ ṣírò 256 × 256 × 256, ẹ ó rí 16,777,216, iye àwọ̀ tí wọ́n máa ń fi polówó wọn.

Ọ̀dà kì í tan ìmọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó bà lé e ló ń gbé mì, èyí tí kò bá gbé mì ló ń dá padà sójú wa. Ọ̀dà yẹ́lò ń gbé apá búlúù mì. Ọ̀dà búlúù ń gbé apá pupa àti ti ọsàn mì. Ẹ pò wọ́n pọ̀, apá tí méjèèjì jọ dá sí ni àwọ̀ ewé, òun náà ló sì kù fún wa láti rí. Ìdí nìyí tí ọ̀dà fi máa ń ṣókùnkùn sí i bí a ṣe ń da púpọ̀ pọ̀, tó sì máa ń parí sí ẹrẹ̀.

Ti atẹ̀wé wá bọ́ sójú wàyí. Sáyàn ni tàdáwà tó ń gbé pupa mì. Màjẹ́ńtà ń gbé àwọ̀ ewé mì. Yẹ́lò ń gbé búlúù mì. Ẹ wò ó dáadáa: ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta tí fóònù ń tàn ni tàdáwà mẹ́ta wọ̀nyí ń bá wí lọ́kọ̀ọ̀kan, lórí bébà tó ti funfun tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ètò atẹ̀wé àti ètò kọ̀ǹpútà kò takora. Ẹ̀yìn ara wọn ni wọ́n jẹ́. Dúdú tó jẹ́ ìkẹrin nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà níbẹ̀ nítorí pé bí a bá da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, búráùn ẹlẹ́rẹ̀ ló máa ń jáde, kì í ṣe dúdú gidi, bébà á sì rin.

Pupa, yẹ́lò àti búlúù ti àwọn ayàwòrán ló pẹ́ jù nílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìdínlógún ni Jacob Christoph Le Blon ti ń fi mẹ́ta yìí tẹ àwòrán, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ nǹkan kan nípa sẹ́ẹ̀lì ojú. Irú ọ̀dà tó wà nígbà náà ló jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, ó sì ṣì ń ṣiṣẹ́ dé àyè kan. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tó ti ń jáni kulẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń rò pé ọwọ́ àwọn ni kò dára. Olùkọ́ ní pupa pẹ̀lú búlúù á di elése àlùkò. Wọ́n pò ó, ó di nǹkan bíi búráùn tó ti kú. Ohun tó fà á ni pé ọ̀pọ̀ pupa tó wà nínú ike fà sí àwọ̀ ọsàn, ìyẹn ni pé ó ń gbé búlúù mì. Ọ̀pọ̀ búlúù sì fà sí àwọ̀ ewé, ìyẹn ni pé ó ń gbé pupa mì. Ohun tí elése àlùkò nílò gan-an ni wọ́n jọ gbé mì. Ẹ pàrọ̀ pupa yẹn, ẹ mú èyí tó fà sí màjẹ́ńtà, ẹ mú búlúù tó fà sí elése àlùkò, ẹ ó rí i pé ọwọ́ yín ò ní àbùkù kankan. Ìdí tí àwọn tó ń kun ọ̀dà fi máa ń ra oríṣi méjì méjì nínú àwọ̀ ìpìlẹ̀ kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Kò sì sí ọ̀dà mẹ́ta kan lágbàáyé tó lè bí gbogbo àwọ̀ tí ojú lè rí, ohunkóhun tí wọ́n ì bá kọ sára ike.

Ìwọ̀n mẹ́ta tó wà nínú àwọ̀ kan

Ká tó dé orí ìbáramu, ẹ jẹ́ ká tú àwọ̀ kan ṣoṣo palẹ̀. Albert Munsell, ayàwòrán àti olùkọ́ ará Amẹ́ríkà, ló ṣètò èyí jù, nínú ohun tó tẹ̀ jáde ní 1905. Ó ní ìwọ̀n mẹ́ta ni àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní. Ìran rẹ̀ ni àkọ́kọ́: ṣé ìran pupa ni, àbí ti búlúù, àbí ti àwọ̀ ewé? Èkejì ni bó ṣe mọ́lẹ̀ tó, ìyẹn ibi tó wà láàárín dúdú kirikiri àti funfun báláú. Ẹ̀kẹta ni agbára rẹ̀: ṣé ó ń tàn yòò ni, àbí ó ti ṣá tó fẹ́ẹ́ di àwọ̀ eérú?

Píńkì, ìran pupa ni, ó kàn mọ́lẹ̀ ni. Búráùn máa ń rú akẹ́kọ̀ọ́ lójú torí wọn kì í rí i lórí òbìrìkìtì. Ìran àwọ̀ ọsàn ni, òun ló ṣókùnkùn tí agbára rẹ̀ sì dín kù. Bí ẹ bá ti lè máa wo ohunkóhun kí ẹ sì dárúkọ ìwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ti kọjá ìdajì iṣẹ́ náà. Òbìrìkìtì tí gbogbo èèyàn ń dì mú, ìwọ̀n kan ṣoṣo ló ń fi hàn: ìran. Kò sọ nǹkan kan nípa méjì tó kù, mo sì rò pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àwọ̀ ti ń bàjẹ́.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ nìyí. Ìran kọ̀ọ̀kan ní ibi tí agbára rẹ̀ ti ń pé, àwọn ibi wọ̀nyí kò sì dọ́gba. Yẹ́lò ń pé nígbà tó bá mọ́lẹ̀ gan-an. Bí ẹ bá mú un ṣókùnkùn, kò jọ yẹ́lò mọ́. Búlúù àti elése àlùkò ń pé nínú òkùnkùn. Àwọn tó ń ṣètò ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣírò ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ àti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀: dúdú lórí funfun ló ga jù, ìyẹn 21 sí 1, ìlànà tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lé sì ní ọ̀rọ̀ tí kò tóbi ò gbọ́dọ̀ kéré sí 4.5 sí 1. Ẹ fi ìṣirò yìí wo búlúù tó pé lórí funfun, ẹ ó rí nǹkan bíi 8.59. Ẹ fi wo yẹ́lò tó pé lórí funfun, ẹ ó rí 1.07. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìyàtọ̀ rárá, ojú ò lè kà á. Síbẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ àpù tí a fi ń yan àwọ̀, nọ́ńbà ìmọ́lẹ̀ kan náà, 50, ni wọ́n máa ń kọ sí iwájú yẹ́lò àti búlúù wọ̀nyí. Ojú yín ni kí ẹ gbà gbọ́, kì í ṣe nọ́ńbà yẹn.

Àwọn ìbáramu tí wọ́n ń kọ́ wa

Òbìrìkìtì oníbi méjìlá ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ ń lò jù. Johannes Itten, tó kọ́ni ní Bauhaus, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà kan ní Jámánì, láti 1919 sí 1923, wà lára àwọn tó mú un gbajúmọ̀. Ẹ fi yẹ́lò, pupa àti búlúù sí ibi mẹ́ta tó jìnnà síra dọ́gba. Láàárín méjì méjì, ẹ fi ohun tí wọ́n bí: àwọ̀ ọsàn, elése àlùkò, àwọ̀ ewé. Ẹ wá fi àdàlù mẹ́fà dí àlàfo tó kù. Ẹ fi ọwọ́ ara yín pò ó lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán. Èyí tí a tẹ̀ sínú ìwé kì í kọ́ni bíi ti ìka tó kun ọ̀dà.

Orí rẹ̀ ni gbogbo orúkọ ìbáramu ti jáde. Bí ẹ bá dúró sí ìran kan ṣoṣo, tí ẹ kàn ń yí ìmọ́lẹ̀ àti agbára rẹ̀ padà, ó ṣòro láti ṣìnà, ó kàn lè súni ni. Bí ẹ bá mú mẹ́ta tó wà nítòsí ara wọn, bíi búlúù, àwọ̀ ewé àti àdàlù àárín wọn, ara á tù wọ́n pọ̀, torí nǹkan kan náà wà nínú ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn. Ẹ lè mú mẹ́ta tó jìnnà síra dọ́gba: pupa, yẹ́lò àti búlúù, tàbí àwọ̀ ọsàn, àwọ̀ ewé àti elése àlùkò. Èyí máa ń pariwo, kí ẹ jẹ́ kí ọ̀kan jẹ́ olórí. Mẹ́rin tó dọ́gba náà wà, bíi pupa, yẹ́lò-ọsàn, àwọ̀ ewé àti búlúù tó fà sí elése àlùkò; n kì í gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ nímọ̀ràn pé kó fọwọ́ kàn án.

Èyí tó yẹ ká dúró tì ni àwọn tó kọjú síra. Pupa àti àwọ̀ ewé, búlúù àti àwọ̀ ọsàn, yẹ́lò àti elése àlùkò. Bí a bá pò wọ́n bí ọ̀dà, wọ́n máa ń pa agbára ara wọn, wọ́n á fà sí àwọ̀ eérú tàbí búráùn. Ẹ̀bùn ńlá lèyí: bí pupa yín bá ń ta ojú jù, ẹ ò nílò dúdú, ẹ̀kán àwọ̀ ewé díẹ̀ á rọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn láì pò wọ́n, òdì kejì ló ń ṣẹlẹ̀: ọ̀kọ̀ọ̀kan á mú kí èkejì ta yòò ju bó ṣe wà lọ.

Ìdàrúdàpọ̀ kan tún wà níbẹ̀. Ẹ tẹjú mọ́ nǹkan pupa fòò kan fún ìdajì ìṣẹ́jú, kí ẹ sì yí ojú kúrò sí bébà funfun. Òjìji kan á yọ lójú yín. Gẹ́gẹ́ bí òbìrìkìtì ayàwòrán, àwọ̀ ewé ló yẹ kó jẹ́. Sáyàn lẹ máa rí, tàbí ohun tó súnmọ́ ọn. Ìdí ni pé sẹ́ẹ̀lì ìgbì gígùn ti rẹ̀. Nígbà tí funfun dé, méjì tó kù ló jí dáadáa, àwọ̀ ewé àti búlúù sì jẹ́ sáyàn nínú ètò ìmọ́lẹ̀. Lórí òbìrìkìtì ìmọ́lẹ̀, pupa kọjú sí sáyàn, àwọ̀ ewé kọjú sí màjẹ́ńtà, búlúù kọjú sí yẹ́lò. Nítorí náà, bí àpù kan bá fún yín ní yẹ́lò fún búlúù, tí ìwé yín sì ní àwọ̀ ọsàn ni, ẹ má ronú pé ọ̀kan nínú wọn ti bàjẹ́. Ẹ kàn bi ara yín pé, ọ̀dà ni mò ń pò ni, àbí ìmọ́lẹ̀? Ẹ ó sì rí i pé àwọn méjèèjì súnmọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàtọ̀ náà kì í ba iṣẹ́ jẹ́.

Bí ìkọjúsíra bá le jù fún yín, ẹ ya ẹ̀gbẹ́ kejì sí méjì. Dípò búlúù pẹ̀lú àwọ̀ ọsàn, ẹ mú búlúù pẹ̀lú àwọn méjì tó wà lápá ọ̀tún àti òsì ọsàn náà, ìyẹn yẹ́lò-ọsàn àti pupa-ọsàn. Ìjà náà á rọ̀ díẹ̀, adùn rẹ̀ á ṣì wà.

Nípa àwọ̀ gbígbóná àti àwọ̀ tútù: pupa dé yẹ́lò ni wọ́n ń pè ní gbígbóná, àwọ̀ ewé dé elése àlùkò ni tútù, èyí tó gbóná sì máa ń dà bíi pé ó súnmọ́ ni ju èyí tó tutù lọ. Ó wúlò, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. (Lójú ọ̀run, ìràwọ̀ tó búlúù ló gbóná jù, èyí tó pupa ló tutù jù.) Ìtumọ̀ tí àwùjọ kọ̀ọ̀kan fún àwọ̀, ẹ̀kọ́ mìíràn pátápátá nìyẹn.

Aládùúgbò ló ń sọ bí àwọ̀ ṣe máa rí

Ní 1824, wọ́n fi Michel Eugène Chevreul, onímọ̀ kẹ́míkà, ṣe olórí ibi tí wọ́n ti ń pa òwú láró ní ilé iṣẹ́ Gobelins ní Párísì, níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ alárà ìyanu tí wọ́n ń fi kọ́ ara ògiri. Àwọn èèyàn ń ráhùn pé àwọn àwọ̀ kan ò dára, pàápàá dúdú, pé kò dúdú tó. Chevreul yẹ aró wò, kò rí àbùkù. Ó fi òwú dúdú tirẹ̀ wéra pẹ̀lú ti ibòmíràn, kò sí ìyàtọ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló rí i pé àwọ̀ tí wọ́n hun sí ẹ̀gbẹ́ dúdú náà ló ń yí i padà lójú ẹni tó ń wò ó. Ó gbé gbogbo rẹ̀ jáde nínú ìwé ńlá kan ní 1839, àwọn ayàwòrán sì gbá a mú.

Ohun tó rí ni pé bí àwọ̀ méjì bá fara kanra, ọ̀kọ̀ọ̀kan á ti èkejì sí òdì kejì tirẹ̀. Ẹ gé bébà àwọ̀ eérú kan sí méjì, ẹ fi ọ̀kan sórí dúdú, ẹ fi ọ̀kan sórí funfun: ti orí dúdú á mọ́lẹ̀ ju ti orí funfun lọ. Ẹ fi wọ́n sórí pupa àti àwọ̀ ewé: ti orí pupa á fà sí àwọ̀ ewé díẹ̀, ti orí àwọ̀ ewé á fà sí pupa. Bébà kan náà ni o. Èyí ló dé tí mo fi máa ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n má ṣe yan àwọ̀ kan ní òun nìkan lórí tábìlì. Ẹ gbé e sí ibi tó máa wà, pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ máa wà, kí ẹ tó dájọ́.

Ìwọ̀n tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan gbà náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Itten mú èrò kan láti ọ̀dọ̀ Goethe, òǹkọ̀wé ará Jámánì, pé níwọ̀n bí yẹ́lò ti mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, díẹ̀ rẹ̀ ló tó láti kojú elése àlùkò púpọ̀: ìdá 3 yẹ́lò sí ìdá 9 elése àlùkò. Ọsàn 4 sí búlúù 8. Pupa àti àwọ̀ ewé, 6 sí 6. Ẹ má gbé òṣùwọ̀n dání nítorí èyí. Ó tọ́ka sí ọ̀nà tó tọ́, òun náà sì gbà pé nígbà tí agbára àwọn àwọ̀ náà bá pé ni. Òfin àwọn tó ń ṣe inú ilé lọ́ṣọ̀ọ́, 60 nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọ̀ kan, 30 fún èkejì, 10 fún ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ lọ́nà tó rọrùn: ẹ má jẹ́ kí gbogbo wọn pín in dọ́gba.

Ìdánwò tó ṣe pàtàkì jù

Nísinsìnyí, bí àwọ̀ ṣe mọ́lẹ̀ tó ni mo fẹ́ padà sí, torí òun ni egungun tí ẹran ara àwọ̀ fi ń dúró. Ẹ ya fọ́tò iṣẹ́ yín, ẹ sọ ọ́ di dúdú-àti-funfun lórí fóònù. Bí gbogbo nǹkan bá di eérú kan náà, tí ẹ ò mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀, kò sí òbìrìkìtì tó lè gbà yín. Ọ̀rọ̀ pupa tí wọ́n kọ sórí àwọ̀ ewé tí ìmọ́lẹ̀ wọn dọ́gba máa ń gbọ̀n lójú ni, ojú á sì rẹ ẹni tó ń kà á.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè lo àléébù yìí. Ní 1872, Claude Monet, ayàwòrán ará Faransé, ya àwòrán èbúté Le Havre ní ìdájí, pẹ̀lú oòrùn àwọ̀ ọsàn kékeré kan láàárín ìkùukùu eérú. Margaret Livingstone, onímọ̀ nípa ọpọlọ ní Harvard, fi hàn pé bí a bá sọ àwòrán náà di dúdú-àti-funfun, oòrùn yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti ojú ọ̀run tó yí i ká. Apá ọpọlọ tó ń rí àwọ̀ rí i kedere. Apá tó ń mọ ibi tí nǹkan dúró sí, tó sì ń fi ìmọ́lẹ̀ nìkan ṣiṣẹ́, kò rí i. Ìdí nìyẹn tí oòrùn náà fi dà bíi pé ó ń mì. Monet mọ ohun tó ń ṣe, àmọ́ ẹni tó fẹ́ kí wọ́n ka ìkìlọ̀ kan lára ògiri ò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣé àwọ̀ tó kọjú síra ló wá bára mu jù? Àwọn olùṣèwádìí méjì, Karen Schloss àti Stephen Palmer, dán an wò ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2011. Bí ìran àwọ̀ méjì bá ṣe súnmọ́ra tó ni àwọn èèyàn ń sọ pé wọ́n bára mu tó. Àwọn tó kọjú síra ò gba ipò kankan tó ta yọ. Èmi ò rò pé ó yẹ kí ẹ sọ àwọn àwọ̀ òdì kejì nù nítorí èyí. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń ta ojú jí, iṣẹ́ tó yàtọ̀ sí ìbáramu ni, kò sì sí iṣẹ́ tí kò nílò méjèèjì. Ayàwòrán Vincent van Gogh mọ̀ọ́mọ̀ fi pupa àti àwọ̀ ewé ya àwòrán inú ilé ọtí alẹ́ kan ní 1888 kí ara má lè rọ ẹni tó bá wò ó.

Bí ẹ bá fẹ́ yan àwọ̀ lónìí, ìlànà tí mo fẹ́ràn kúrú. Ẹ mú ìran kan tó bá iṣẹ́ náà lọ. Ẹ ya ìpele ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin jáde nínú rẹ̀, láti èyí tó fẹ́ẹ́ funfun dé èyí tó fẹ́ẹ́ dúdú, kí ẹ rọ agbára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ wá mú ọ̀kan láti òdì kejì, kí agbára rẹ̀ pé, kí ẹ lò ó níbi kékeré tí ẹ fẹ́ kí ojú kọ́kọ́ lọ. Ẹ sọ ọ́ di dúdú-àti-funfun láti dán an wò.

Ẹ má gbàgbé àwọn tí ojú wọn ò ya pupa àti àwọ̀ ewé sọ́tọ̀. Láàárín àwọn tí ìran wọn wá láti àríwá Yúróòpù, nǹkan bí ọkùnrin kan nínú 12 àti obìnrin kan nínú 200 ló rí bẹ́ẹ̀. Bí àmì pupa bá túmọ̀ sí ewu, tí ti àwọ̀ ewé túmọ̀ sí àlàáfíà, ẹ jẹ́ kí ìrísí àwọn àmì náà yàtọ̀, tàbí kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ sí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé iṣẹ́ náà lọ sábẹ́ irú iná tí wọ́n á ti máa wò ó. Ọ̀dà méjì lè bára mu rẹ́gí lábẹ́ oòrùn kí wọ́n sì yàtọ̀ gedegbe lábẹ́ gílóòbù, torí pé ohun tí kálukú wọn ń gbé mì kò dọ́gba, ìmọ́lẹ̀ tí gílóòbù náà ní láti fún wọn kò sì jọ ti oòrùn.